Captains Courageous àbí Treasure Island: èwo lẹ máa kọ́kọ́ gbé síwájú ọmọ?

Tí ọmọ tó wà láàárín ọdún mẹ́jọ sí mẹ́tàlá bá wà nílé yín, tí ẹ sì ń wá fíìmù àtijọ́ kan tí gbogbo yín lè jọ jókòó wò, fíìmù orí òkun tí ọmọkùnrin kan ti ń gbọ́n nínú ẹ̀, orúkọ méjì ló sábà máa ń jáde: Captains Courageous tí ilé iṣẹ́ fíìmù MGM ṣe ní 1937, àti Treasure Island tí Walt Disney ṣe ní 1950. Inú ìwé ìtàn ni wọ́n ti yọ méjèèjì. Rudyard Kipling ló kọ ti àkọ́kọ́, ó jáde ní 1897, Robert Louis Stevenson ló kọ ìkejì, ìyẹn ti jáde bí ìwé láti 1883. Ọkọ̀ onígbòkun wà nínú méjèèjì, ọmọkùnrin kan wà níbẹ̀, ọkùnrin àgbà kan tí kì í ṣe bàbá ẹ̀ sì wà níbẹ̀ tí ọmọ náà wá fẹ́ràn gan-an. Ìdí nìyẹn tí àwọn èèyàn fi ń rò pé èyíkéyìí tí ẹ bá mú, ọ̀kan náà ni. Kì í ṣe ọ̀kan náà rárá o. Mo ti bá àwọn ọmọ ẹ̀gbọ́n mi wo méjèèjì, mo rí èyí tó mú wọn fò sókè lórí àga, mo sì rí èyí tó mú wọn dákẹ́ títí ilẹ̀ fi mọ́, ohun tí mo rí yẹn ni mo fẹ́ kọ síbí kí ẹ lè mọ èyí tó bá ọmọ tiyín mu.

Kí n tó lọ jìnnà, Treasure Island pọ̀ káàkiri, wọ́n ti ṣe é láìmọye ìgbà. Èyí tí ọ̀pọ̀ àgbà fẹ́ràn ni ti 1934, Victor Fleming ló darí ẹ̀ fún MGM, Wallace Beery ló ṣe Long John Silver, olórí ajalèlókun, Jackie Cooper ló ṣe Jim, ọmọkùnrin inú ìtàn náà. Fleming yìí kan náà ló wá darí Captains Courageous lẹ́yìn ọdún mẹ́ta, Lionel Barrymore sì wà nínú méjèèjì: ní 1934 òun ni Billy Bones, ọ̀mùtí àgbà tó wá kú sí ilé ìtura tí Jim ń gbé, ní 1937 òun ni Disko, ọ̀gá ọkọ̀ tí ọ̀rọ̀ ẹ̀ kì í pọ̀. Tí ẹ bá fẹ́ràn iṣẹ́ sinimá fúnra ẹ̀, ẹ wá ti 1934 yẹn. Ṣùgbọ́n fún ọmọdé, ti 1950 ni mo mú, torí pé ó ní àwọ̀, kò gùn, ó sì ní Robert Newton tó ṣe Silver.

Mo máa sọ òpin méjèèjì o, kò sí bí mo ṣe lè fi wọ́n wéra láìsọ ọ́. Ẹni tí kò bá fẹ́ gbọ́ kó lọ wò ó ná kó tó padà wá.

Harvey àti Jim

Harvey Cheyne inú Captains Courageous jẹ́ ọmọ olówó, àkẹ́bàjẹ́ pátápátá. Ìyá ẹ̀ ti kú, iṣẹ́ kò jẹ́ kí bàbá ẹ̀ ráyè, owó ló fi ń dípò ara ẹ̀. Ọmọ náà wá gbà pé kò sí ẹni tí owó bàbá òun kò lè rà, ó fẹ́ fi ra ọ̀rẹ́ nílé ìwé, ó tún gbé owó fún olùkọ́, bí wọ́n ṣe dá a dúró nìyẹn. Bàbá ẹ̀ wá mú un wọ ọkọ̀ òkun lọ sí Yúróòpù. Níbi tó ti ń ṣe fọ́ńté fún àwọn ọmọ mìíràn lórí ọkọ̀ ló ti mu ice cream soda lámujù, inú ẹ̀ ń rú, ó fẹ́ lọ bì, ló bá já sínú òkun, ọkọ̀ ńlá yẹn sì ń lọ ní tiẹ̀, kò sẹ́ni tó mọ̀. Manuel, apẹja ọmọ Potogí kan, ló fa á jáde sínú ọkọ̀ kékeré tó fi ń pẹja. Ó gbé e lọ sínú We're Here, ọkọ̀ àwọn apẹja ìlú Gloucester ní Amẹ́ríkà. Harvey ní kí wọ́n dá òun padà sílé kíákíá, pé bàbá òun máa sanwó. Disko, ọ̀gá ọkọ̀, kò gbà á gbọ́, àti pé tó bá tiẹ̀ gbà á gbọ́, kò lè tìtorí ọmọ kan fi àkókò ẹja sílẹ̀ tí gbogbo àwọn tó wà lábẹ́ ẹ̀ fi ń bọ́ ìdílé wọn. Ó di nǹkan bí oṣù mẹ́ta tí ọmọ olówó máa fi bá wọn gbé, tó máa ṣiṣẹ́, tó máa gba owó oṣù.

Ti Jim Hawkins yàtọ̀. Ọmọ dáadáa ni Jim láti ìbẹ̀rẹ̀, ilé ìtura kan létí òkun ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì ló ń gbé, àwòrán ilẹ̀ tó fi ibi ìṣúra hàn ló bọ́ sí i lọ́wọ́, òun àti dókítà Livesey àti Squire Trelawney wá gba ọkọ̀ Hispaniola, wọ́n wá òṣìṣẹ́ sínú ẹ̀, wọn ò mọ̀ pé ọ̀pọ̀ nínú àwọn tí wọ́n gbà jẹ́ ajalèlókun. Alásè ọkọ̀ gan-an, Long John Silver ẹlẹ́sẹ̀ kan, tó ń dápàárá, tó ń kọ́ Jim ní nǹkan, tí odídẹrẹ́ ń jókòó sí èjìká ẹ̀, òun ni olórí wọn. Jim wà nínú àgbá èso ápù lọ́jọ́ tó fi etí ara ẹ̀ gbọ́ ọ.

Ẹ wò ó, Harvey ló ní àrùn tí ìtàn máa wò sàn. Jim ò ní àrùn kankan, ayé ló ṣàìsàn, Jim ló sì máa fojú ara ẹ̀ rí i. Tí ọmọ yín bá jẹ́ irú èyí tí ń sọ pé òun ò lè fọ abọ́ torí pé ìyẹn kì í ṣe iṣẹ́ òun, Harvey ló máa yé e. Tó bá jẹ́ irú èyí tó ń gba gbogbo èèyàn gbọ́, tí ẹni tó bá ti rẹ́rìn-ín sí i ti di ọ̀rẹ́ ẹ̀, Jim ni kó lọ bá.

Manuel àti Silver

Ibí ni ọkàn ọ̀rọ̀ wà fún mi. Spencer Tracy ló ṣe Manuel, ó sì gba Oscar òṣèrékùnrin tó dára jù lọ fún un, ọdún tó tẹ̀ lé e ó tún gba òmíràn fún fíìmù Boys Town, òun ló kọ́kọ́ gba ti òṣèrékùnrin yẹn lọ́dún méjì léra wọn. (Ère tí wọ́n fún un nítorí Manuel yìí, wọ́n ṣì orúkọ kọ sára ẹ̀, wọ́n kọ Dick Tracy, ìyẹn ọlọ́pàá inú ìwé àpanilẹ́rìn-ín.) Ẹnu ẹ̀ kò jọ ti Potogí, mo sọ bẹ́ẹ̀ tọkàntọkàn, ọmọ Amẹ́ríkà ni, wọ́n ká irun ẹ̀, wọ́n ní kó máa sọ Gẹ̀ẹ́sì bí ẹni tí Gẹ̀ẹ́sì kò dá lẹ́nu, ìṣẹ́jú mẹ́wàá àkọ́kọ́ ó lè máa dà yín láàmú. Lẹ́yìn ìyẹn ẹ máa gbàgbé. Torí Manuel kò ṣe bí olùkọ́. Kò jókòó ti ọmọ kó máa wàásù. Ó ń ṣiṣẹ́ ẹ̀, ó ń kọrin, ó ń ta ohun èlò orin kékeré kan tó jẹ́ ti bàbá ẹ̀, ó ń pe Harvey ní ẹja kékeré òun torí inú omi ló ti rí i, ó sì ń sọ̀rọ̀ bàbá ẹ̀ tó bómi lọ bí ẹni tó ṣì ń pẹja lọ́run. Ọmọ tí kò rí bàbá tiẹ̀ bá sọ̀rọ̀ wá ń gbọ́ bí ọkùnrin kan ṣe ń fi ìfẹ́ sọ̀rọ̀ bàbá tó ti kú.

Ibì kan wà tí mi ò lè gbàgbé. Manuel àti Long Jack, apẹja míì lórí ọkọ̀ náà, ta tẹ́tẹ́ lórí ẹni tó máa pa ẹja jù, Harvey wá lọ lọ́ okùn ìwọ̀ Long Jack pọ̀ ní kọ̀rọ̀ kí Manuel lè jẹ. Ìwọ̀ kọ́ Long Jack lápá yánnayànna. Inú Harvey kọ́kọ́ dùn pé àwọn ti jẹ, àfi ìgbà tó rí ẹ̀jẹ̀. Ó jẹ́wọ́ níwájú gbogbo wọn. Ọmọ tó ti ń fi owó ra ọ̀nà láti kékeré, ìgbà àkọ́kọ́ rèé tó sọ òótọ́ tó máa kó bá ara ẹ̀. Ẹ má sọ nǹkankan fún ọmọ yín níbi yìí, ẹ jẹ́ kó wò ó.

Silver ńkọ́? Robert Newton ṣe é débi pé ohùn yẹn ni gbogbo ayé ń fi ṣe ajalèlókun títí dòní, tí ọmọdé bá fi aṣọ bo ojú kan tó ń han gooro bí ajalèlókun, Newton ló ń sín jẹ láìmọ̀. Silver fẹ́ràn Jim lóòótọ́, ibẹ̀ gan-an ló ti ṣòro. Ó fẹ́ràn ẹ̀, ó sì tún lè ṣe é ní jàǹbá nítorí góòlù. Lópin fíìmù yẹn, nígbà tí ọ̀nà ti há mọ́ ọn, ó yọ ìbọn sí Jim, kò lè yìn ín. Jim náà rí i pé ọkọ̀ kékeré tí Silver fẹ́ fi sá lọ ti gún ilẹ̀, ó sì bá a tì í sómi. Ọmọ ọdún mọ́kànlá tí mo bá wò ó bi mí pé ṣé Jim ṣe dáadáa àbí kò ṣe dáadáa. A sọ̀rọ̀ yẹn títí di ìgbà tí wọ́n ní ká wá jẹun. Captains Courageous kò bi èèyàn ní irú ìbéèrè yẹn, èèyàn rere ni Manuel, kò sí ẹni tó máa jiyàn lé e lórí.

Iṣẹ́ ojú omi

Tí ẹ bá ń wá fíìmù tí ọmọ máa ti rí bí àwọn èèyàn ṣe ń fi ọwọ́ jẹun, kò sí ìfigagbága níbí, Captains Courageous ni. Grand Banks, apá òkun kan nítòsí Newfoundland tí ìsàlẹ̀ omi kò jìn púpọ̀, ni wọ́n ń lọ, torí ibẹ̀ ni ẹja kọ́ọ̀dù pọ̀ sí. Ọkọ̀ ńlá máa ń kó dory dání, ìyẹn ọkọ̀ kékeré tí ìdí ẹ̀ tẹ́jú, wọ́n lè tò wọ́n wọ inú ara wọn bí abọ́. Láàárọ̀ wọ́n á sọ wọ́n kalẹ̀ sómi, ẹnì kan tàbí ẹni méjì á wọ ọ̀kọ̀ọ̀kan, wọ́n á wa àjẹ̀ lọ. Manuel ń fi okùn ọwọ́ pẹja, Long Jack ń lo okùn gígùn tí ìwọ̀ pọ̀ lára ẹ̀ lọ súà. Kùrukùru ló burú jù, tó bá ti bolẹ̀, ẹni tó wà nínú dory lè má rí ọkọ̀ ńlá mọ́ láé. Tí wọ́n bá ti kó ẹja dé, iṣẹ́ míì bẹ̀rẹ̀, wọ́n á la ẹja, wọ́n á yọ ìfun, wọ́n á yọ eegun ẹ̀yìn, wọ́n á da iyọ̀ sí i, wọ́n á tò ó sí ikùn ọkọ̀, gbogbo ẹ̀ lọ́wọ́ lọ́wọ́, nínú òtútù. Ẹja kọ́ọ̀dù yìí náà ni àwọn ará Norway ń sá gbẹ láìfi iyọ̀ sí i tó fi ń dé ọjà wa tí a ń pè é ní stọ́kfíṣì, mo máa ń sọ ìyẹn fún àwọn ọmọ, ojú wọn máa ń là torí wọ́n mọ bó ṣe ń le tó kí wọ́n tó rẹ ẹ́.

Kipling kò fi àlá kọ èyí. Vermont ní Amẹ́ríkà ló ń gbé nígbà yẹn, ọ̀rẹ́ ẹ̀ kan tó jẹ́ dókítà níbẹ̀, James Conland, ti bá àwọn apẹja ṣiṣẹ́ nígbà èwe ẹ̀, àwọn méjèèjì jọ lọ sí Gloucester àti Boston láti lọ wo ọkọ̀ àti okùn àti ẹja. Ohun tí ẹ sì ń rí lópin fíìmù, tí àwọn ará ìlú ń ju òdòdó sómi fún àwọn tí òkun gbé lọ, nǹkan gidi ni ní Gloucester. Ère ọkùnrin kan tó di kẹ̀kẹ́ ìdarí ọkọ̀ mú wà létí omi níbẹ̀, 1925 ni wọ́n ṣí i, orúkọ àwọn apẹja tó bómi lọ tí wọ́n kọ síbẹ̀ lé ní 5,000.

Treasure Island ò bìkítà nípa iṣẹ́. Wọ́n ń fa okùn, wọ́n ń gun òpó, àmọ́ kò sẹ́ni tó ń ṣiṣẹ́ kó lè jẹun lọ́la, góòlù tí ẹlòmíì jí ni gbogbo wọn ń lé, àwọn èèyàn dáadáa náà. Kò burú, irú ìtàn tó jẹ́ nìyẹn.

Ikú, torí ẹ gbọ́dọ̀ mọ̀ kó tó dé

Manuel kú. Nígbà tí We're Here àti Jennie Cushman, ọkọ̀ apẹja míì tó ń bá a figagbága, ń sáré dé ilé, òpó ọkọ̀ kán, ó jábọ́ pẹ̀lú Manuel lókè ẹ̀, okùn àti ìgbòkun wé e mọ́nú omi, ìsàlẹ̀ ara ẹ̀ ti bà jẹ́ tán. Ó sọ bó ṣe rí fún wọn ní èdè míì kí ọmọ yẹn má bàa gbọ́, ó wá ní kí wọ́n gé okùn. Harvey wà níbẹ̀, ó ń bá a sọ̀rọ̀ títí ó fi rì. Mi ò mọ fíìmù ọmọdé míì tó ṣe é báyìí, tí kò sáré kúrò níbẹ̀. Ọmọ tó kéré jù lọ́dọ̀ wa sunkún títí, ó bi mí lọ́jọ́ kejì pé ṣé wọn ò lè fa òpó yẹn kúrò. Tí ìdílé yín bá ṣẹ̀ṣẹ̀ sin èèyàn, pàápàá bàbá, ẹ jọ̀ọ́, ẹ fi í sílẹ̀ fún ìgbà díẹ̀, ẹ mú Treasure Island.

Èèyàn tó kú nínú Treasure Island pọ̀ ju ìyẹn lọ, Jim fúnra ẹ̀ yìnbọn pa Israel Hands, ọ̀kan nínú àwọn ajalèlókun, lórí òpó ọkọ̀. Síbẹ̀ ọmọdé kì í sunkún sí i, ẹ̀rù ló ń bà wọ́n, ẹ̀rù tó ń dùn mọ́ wọn. Ibi tó lè dẹ́rù bà wọ́n jù ni Pew afọ́jú tó ń wá Billy Bones kiri, mo ti rí ọmọ tó di ìrọ̀rí mọ́jú níbẹ̀.

Àwọn nǹkan kéékèèké

Captains Courageous ò ní àwọ̀, dúdú òun funfun ni, ó sì fẹ́rẹ̀ẹ́ tó wákàtí méjì. Treasure Island jẹ́ wákàtí kan àti ààbọ̀ ó lé díẹ̀, àwọ̀ ẹ̀ tutù lójú. Òun ni fíìmù àkọ́kọ́ tí Disney fi èèyàn nìkan ṣe láìsí àwòrán ayàwòrán nínú ẹ̀, ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì ni wọ́n sì ti ṣe é torí pé lẹ́yìn ogun, owó tí Disney pa níbẹ̀, ìjọba ò jẹ́ kí wọ́n kó o jáde. Bobby Driscoll tó ṣe Jim jẹ́ ọmọ Amẹ́ríkà, ẹnu ẹ̀ dá yàtọ̀ láàárín gbogbo wọn, àti pé kò ní ìwé àṣẹ láti ṣiṣẹ́ níbẹ̀, wọ́n san owó ìtanràn, wọ́n wá ní láti sáré ya àwọn ibi tó ti hàn kó tó kúrò nílùú. Kò hàn lójú fíìmù náà, ọmọ yẹn mọ iṣẹ́.

Àwọn méjèèjì, ẹ tan àkọlé ìsàlẹ̀ sí i. Gẹ̀ẹ́sì Newton àti Gẹ̀ẹ́sì Tracy, kò sí èyí tó rọrùn. Tí ẹ bá sì ní ọmọbìnrin tó fẹ́ rí ẹni tó jọ òun lórí ọkọ̀, kò sí i nínú méjèèjì, ẹ tètè sọ fún un.

Ènìyàn dúdú kan ṣoṣo wà lórí We're Here, Doc alásè, Sam McDaniel ló ṣe é, ẹ̀gbọ́n òṣèrébìnrin Hattie McDaniel. Wọn ò fún un ní ọ̀rọ̀ púpọ̀, ó dùn mí, torí nínú ìwé Kipling alásè yẹn jẹ́ èèyàn àgbàyanu kan láti Cape Breton tó ń sọ èdè Gaelic, tó ń rí ọjọ́ iwájú.

Ìwé ńkọ́?

Treasure Island 1950 tẹ̀ lé ìwé ẹ̀ dáadáa, àyípadà tó ṣe kò pọ̀, wọ́n yọ ìyá Jim kúrò, wọ́n sì tún òpin Silver ṣe, nínú ìwé ó kàn jí àpò owó kan sá lọ ni. Ọmọ tó bá fẹ́ràn fíìmù yìí lè mú ìwé náà lọ́jọ́ kejì, ó máa yára kà á.

Captains Courageous kọ́, wọ́n tú ìwé yẹn palẹ̀. Nínú ìwé, ọmọ ọdún mẹ́ẹ̀ẹ́dógún ni Harvey, sìgá ńlá tó le ló mu tó fi ṣubú sómi, ìyá ẹ̀ wà láàyè, Manuel kì í ṣe èèyàn pàtàkì, kò sì kú! Dan, ọmọ Disko, ni ọ̀rẹ́ Harvey gidi níbẹ̀, Mickey Rooney ló ṣe é nínú fíìmù, wọn ò sì jẹ́ kó ṣe púpọ̀. Nínú ìwé, Disko lu Harvey nímú nítorí pé ó fẹ̀sùn olè kàn wọ́n, ó wá gbà á síṣẹ́ ní dọ́là mẹ́wàá àtààbọ̀ lóṣù. Mo fẹ́ràn fíìmù ju ìwé lọ, mi ò tijú sọ ọ́. Ìwé yẹn mọ nípa ẹja ju nípa ọkàn ọmọdé lọ. Àti pé Kipling lo ọ̀rọ̀ èébú tí wọ́n fi ń pe àwa dúdú fún alásè yẹn nínú ìwé ọ̀hún, lópin ó sì sọ ọ́ di ẹni tó ń tẹ̀ lé Harvey kiri bí ìránṣẹ́. Tí ẹ bá máa kà á sókè fún ọmọ, ẹ ti kà á fúnra yín ná.

Wọ́n tún ti ṣe Captains Courageous fún tẹlifíṣọ̀n, ti 1977 ní Karl Malden àti Ricardo Montalban nínú. Ẹ fi ti 1937 bẹ̀rẹ̀.

Èyí tí màá mú

Fún ọmọ tí kò tíì pé mẹ́sàn-án, Treasure Island, láìrò ó lẹ́ẹ̀mejì. Fún ọmọ tí kì í fara balẹ̀, tó ń béèrè fóònù lẹ́yìn ogún ìṣẹ́jú, òun náà ni, torí ìbẹ̀rẹ̀ Captains Courageous falẹ̀, ilé ìwé àti ọ́fíìsì bàbá pọ̀ níbẹ̀ kí ẹ tó dé orí omi. Fún ọmọ ọdún mẹ́wàá sókè, tó ti lè jókòó ti ìbànújẹ́, Captains Courageous ni màá mú, tí bàbá ẹ̀ bá sì lè bá a wò ó, ó dáa jù. Bàbá púpọ̀ wà láàárín wa tó ń ṣiṣẹ́ lóru lọ́sàn-án ní Èkó tàbí ní London kí ọmọ lè lọ sílé ìwé tó dáa, tí ọmọ ò sì fi bẹ́ẹ̀ mọ̀ wọ́n. Wọ́n máa rí ara wọn nínú ọ̀gbẹ́ni Cheyne tí Melvyn Douglas ṣe. Kì í ṣe èèyàn burúkú, kò kàn sí nílé ni. Nígbà tó padà rí ọmọ ẹ̀ ní Gloucester, tó rí i pé apẹja kan tí òun ò mọ̀ rí lọmọ ń ṣọ̀fọ̀ ẹ̀, kò bínú, kò jowú, ó kàn dúró tì í. Ẹ̀gbọ́n mi ọkùnrin wò ó títí dé ibẹ̀, ó dìde lọ dúró sí ẹnu ọ̀nà kíṣìnì, kò padà jókòó mọ́.

Ẹ bẹ̀rẹ̀ Captains Courageous ní aago mẹ́fà o, kó má bàa di pé ibi tí Manuel ti rì ni ọmọ máa gbé lọ sórí ibùsùn. Ó yẹ kí àyè wà fún oúnjẹ àti ọ̀rọ̀ díẹ̀ kí ẹ tó pa iná.